Ọ̀rá, Idẹ àti Bẹnsíìnì: Ìtàn Fífọ Òkú Kòkòrò Ìpamọ́

Èrò ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni pé èèrà àti àwọn kòkòrò ajẹnirun nìkan ni ọ̀tá àpótí tí a ń to òkú kòkòrò sí. Èrò náà kò kún tó. Ọ̀tá mìíràn ń bẹ nínú òkú kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rá. Bí omi ara rẹ̀ bá tilẹ̀ gbẹ tán, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í gbẹ. Ó lè tó ọdún díẹ̀ kí ó tó yọ́ jáde. Nígbà náà ni yóò rin ìyẹ́ labalábá bí epo ti ń rin ìwé, tí àwọ̀ tó rẹwà yóò sì ṣú. Àwọn labalábá alẹ́ tí ìdin wọn ń gbé inú igi tàbí gbòǹgbò ni ó ń yọ lẹ́nu jù.

James Petiver, apoògùn ará London tó kú ní ọdún 1718, a máa tẹ labalábá pẹlẹbẹ sáàárín máíkà méjì. Lára àwọn tó ń kó kòkòrò ránṣẹ́ sí i ni àwọn oníṣègùn inú ọkọ̀ akóẹrú tó ń ná etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ tí àwọn òpìtàn sáyẹ́ǹsì fi ojú fò fún ìgbà pípẹ́. Labalábá inú máíkà kò ní abẹ́rẹ́ nínú, nítorí náà wàhálà abẹ́rẹ́ kò kàn wọ́n.

Abẹ́rẹ́ idẹ ni wàhálà náà. Bàbà wà nínú idẹ. Bí ọ̀rá bá ti kan, tí ó sì bà á, ohun aláwọ̀ ewé kan a hù yí abẹ́rẹ́ ká, a wú, a sì fọ́ àyà kòkòrò náà láti inú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn akókòrò-jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹnsíìnì, tí Michael Faraday ṣàwárí ní 1825, fọ ọ̀rá kúrò. Wọn a rẹ kòkòrò náà sínú rẹ̀, wọn a pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti pọ́n, wọn a sì fi lẹ́búlẹ́bú ẹfun bò ó kí ó lè fa èyí tó kù. Àwọn mìíràn a gé ikùn rẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, wọn a wá fi àtè lẹ̀ ẹ́ padà. Iṣẹ́ eléwu nìyí, nítorí ẹ̀yà ìbímọ tí a fi ń dá irú kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, inú ikùn ni ó wà. Bí ikùn méjì bá ṣì wọnú ara wọn, irọ́ ni àpótí náà yóò máa pa fún akẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tó burú jù kò hàn sí ojú. Bẹnsíìnì a máa fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Káábọ̀nù tẹtirakilóráìdì, tí wọ́n lò nítorí pé kì í gbiná, a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Orúkọ ẹni tó mú kòkòrò náà ni ó wà lára bébà abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fọ̀ ọ́, tó sì ń fa òórùn náà símú lójoojúmọ́, kò ní orúkọ níbẹ̀.

Asẹ́tóònù wọ́pọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ atẹ́gùn, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Abẹ́rẹ́ irin tí kì í dógùn-ún ti rọ́pò idẹ. Ti idẹ ṣì kún àwọn àpótí àtijọ́. Ẹni tó bá fà á yọ lè fọ́ kòkòrò náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a kàn ń ha ohun aláwọ̀ ewé náà kúrò díẹ̀díẹ̀.