Ìfura Loògùn Àgbà: Owó Ìtọ́jú Eyín àti Ìtàn Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yewa

Bí eyín bá ń dun èèyàn ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Á fi omi gbígbóná oníyọ̀ yọ ẹnu, á ki kànáfùrù bọ inú ihò eyín náà, á ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, á sì máa retí pé yóò rọlẹ̀. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, tí wọ́n ní àwọn lè tọ́jú gbòǹgbò eyín náà kí àwọn sì dé e lórí, tí wọ́n dárúkọ iye tí yóò san, ìbéèrè tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: ṣé dandan ni? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ka ìbéèrè yìí sí àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tú ìtàn wò, ti ilẹ̀ Yewa àti ti iṣẹ́ ìṣègùn eyín fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ìfura yìí nídìí, pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà gan-an ti béèrè irú rẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé a máa ń béèrè, ṣùgbọ́n a kì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀nà méjì ni ọwọ́ èèyàn gbà ń kan eyín àti ẹnu ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni orín àárọ̀. Funfun niyì eyín, àwọn àgbà kò sì fi iyì náà ṣeré: orín ata ń bẹ, pákò Ìjẹ̀bú ń bẹ, igi ewúro ń bẹ, dóńgóyárò sì dé lẹ́yìn wọn. Gbogbo ilé ló ní in, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí ẹni tí ń gé nǹkan kan kúrò lára èèyàn nítorí rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí a lè fojú di. Nígbà tí Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ gbòǹgbò orín ata wò, wọ́n kéde ní 1971 pé oje rẹ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí àrùn sickle cell ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti gba àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo orín nímọ̀ràn pé kí wọ́n má pa á tì. Ọ̀nà kejì ni ti ọwọ́ tí ń gé. Olóòlà tí ń kọ ilà, tí ń dá abẹ́, òun náà ló ń gé bélúbélú ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé, nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń fa ikọ́ àti àìlèjẹun. Àwọn mìíràn a sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́ eyín iwájú wọn kí èéjì lè là, nítorí ẹwà. Lónìí, a mọ̀ pé bélúbélú gígé ti mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lára ọ̀pọ̀ ọmọ, tí egbò wọn sì kẹ̀, láìṣe pé àìsàn kan béèrè fún un. Eyín tí a rẹ́ a sì máa ta èèyàn bí omi tútù bá kàn án. Síbẹ̀, àwọn òbí sanwó rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí gbogbo ìlú gbà pé dandan ni. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn: pé a gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ kò sọ pé ó yẹ kí abẹ náà ṣiṣẹ́.

Ìtàn ààlà tún fi tirẹ̀ kún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tó la ilẹ̀ àwọn ọmọ ìyá kan náà sí méjì: Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. A. I. Àṣíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló sá kúrò ní apá Faransé wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ ipá, owó orí àti kíkó ọmọkùnrin lọ sógun. Bí mo ṣe rò ó, ẹni tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀ yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ láti béèrè ohun tí oore yóò ná an kó tó gbà á. Ìṣègùn òyìnbó fúnra rẹ̀ sì jìnnà. Ní 1895 ni àwọn Fadá Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ti eyín kò yára bẹ́ẹ̀: Yunifásítì Èkó, tó wá di ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn eyín wa, 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn òmìnira. Ní gbogbo àkókò tó wà láàárín, yíyọ ni ìtọ́jú eyín tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ìran tó mọ oníṣègùn eyín sí ẹni tí ń fi ẹ̀mú fa eyín tu kò lè tètè gbà pé eyín tó ti jẹrà ṣeé gbà là, ká má tíì sọ pé kí ó san ìlọ́po owó yíyọ nítorí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe owó, pé àìkàsí ló ń ṣe wá. Ẹ jẹ́ ká wo Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Keje ọdún 1948 ni ìjọba wọn sọ ìtọ́jú eyín di ọ̀fẹ́. Àwọn tó ti ń fara da ìrora fún ọdún gbọọrọ ya bo àwọn oníṣègùn, ìnáwó náà sì kọjá ohun tí ìjọba pète, tó fi di pé ní 1951 wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa san lára owó eyín àtọwọ́dá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ hàn kedere: nígbà tí owó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àìkàsí náà pòórá. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá lè sá fún oníṣègùn nítorí owó, kí ló dé tí a ó fi pe ti àgbẹ̀ Ayétòrò ní òpè?

Ohun tó tún gbe ìfura yìí lẹ́sẹ̀ ni ìtàn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwa nìkan kọ́ la sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí Pierre Fauchard ará Faransé tó kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní 1728 pé òun kò rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ní 1910, William Hunter, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, sọ àsọyé ní Montreal pé eyín tó ní àrùn lábẹ́ ló ń tú májèlé sí ara. Èrò náà tàn kálẹ̀, wọ́n sì yọ eyín ọ̀pọ̀ èèyàn dànù nítorí oríkèé ríro àti àìsàn ọpọlọ, kí ìwádìí tó fi hàn pé ó ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2000 ni NICE, àjọ tí ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n yé yọ eyín ìkẹyìn inú lọ́hùn-ún tí kò bá ní àìsàn kankan, ohun tó ti jẹ́ àṣà tipẹ́. Èyí tó sì kàn wá jù lọ ni ti Aubrey Sheiham, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú eyín. Ní àwọn ọdún 1960 ló wá ṣe ìwádìí eyín ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ Yewa wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ohun tó rí ni pé ihò eyín kò pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n àìsàn ẹran ìdí eyín pọ̀. Ní 1977, ọkùnrin kan náà béèrè nínú ìwé ìròyìn The Lancet bóyá ẹ̀rí ìmọ̀ kankan wà pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ kí gbogbo èèyàn máa lọ wo eyín. Ní 2004, NICE ní kí àkókò náà yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, láti oṣù 3 títí dé 24 fún àgbàlagbà. Ìbéèrè ará Ìlaró ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà béèrè: ṣé dandan ni? Ìyàtọ̀ ni pé òun jókòó títí ìdáhùn fi dé.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò ní ìfura ti pa èèyàn. Òótọ́ ni. Ọyún láti ìdí eyín ìsàlẹ̀ lè wọ ọrùn, kí ó dí ọ̀nà èémí. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tàbí ọrùn rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè la ẹnu tàbí kó gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kò sí ìfura níbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní orín tó. Ó tó fún ẹnu àwọn baba wa. Ẹnu tí ṣúgà, mínírà àti bisikíìtì ń wọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í ṣe ẹnu kan náà, ihò sì ń lu nínú kọ̀rọ̀ tí orín kò dé. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú yóò ní àga, ẹ̀rọ àti ohun èlò àwọn, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, iná mànàmáná kò sì dúró. Mo gbà. Ṣùgbọ́n pé owó kan tọ́ sí iṣẹ́ kan kò sọ iṣẹ́ náà di dandan, aláìsàn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àlàyé méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ìdójútòfò ìlera ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà. Títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ń ná, ẹni tí ń ná àpò ara rẹ̀ kò sì ní ṣàìbéèrè.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn ló ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni pé kí a jókòó síwájú oníṣègùn, kí a ní kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn wá, kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sọ ọ̀nà mìíràn tó wà àti iye rẹ̀. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i. Àwọn òbí tó gbé ọmọ lọ gé bélúbélú kò béèrè rárá, ọmọ ló sì jìyà rẹ̀. Àwa tí ń béèrè lónìí, tí a wá gbé kànáfùrù sẹ́nu lọ sílé kí ìdáhùn tó jáde, a kò tíì yàtọ̀ sí wọn tó bí a ṣe rò.