Ológò, Òṣómàáló àti Áàpù: Ojú Onígbèsè Nínú Ìtàn Wa

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa gbèsè ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú ẹnu bà. Èyí kò burú, nítorí pé ìwọ̀fà ni ó fi hàn kedere bí owó ṣe lè so ènìyàn mọ́ oko ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun ìdógò mìíràn wà tí a kì í kà, èyí ni ojú onígbèsè. Àwọn baba wa mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n sì sọ ẹ̀sín di irin-iṣẹ́ fún gbígba owó. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti lo irin-iṣẹ́ náà, àti ibi tí àṣẹ rẹ̀ pin sí, láti ayé àwọn ológò títí dé ayé àwọn ayánilówó orí fóònù.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ ìwé náà jáde títí di ọdún 1921, ṣe àpèjúwe ológò lọ́nà tí ó fi dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀kan pàdé rí. Bí olówó bá ti sìn ín títí, tí onígbèsè sì ń fòní dónìí, tí ó ń fọ̀la dọ́la, olówó yóò tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, wọn yóò sì yan ológò fún un. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò sì dógò tì í. Ibi tí onígbèsè bá jókòó sí ni òun náà yóò jókòó sí. Bí ó bá dìde, òun náà a dìde. Ẹnu rẹ̀ kò mọ́, èébú rẹ̀ kò sì lópin, ṣùgbọ́n inú kì í bí òun fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tí ó bá wù ú ni yóò béèrè. Bí wọn kò bá tètè gbé e wá, ó lè mú adìẹ tàbí ẹran inú ilé náà kí ó pa á jẹ. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹni tí ó bá lù ú, àwọn aláṣẹ tí ó rán an ni ó lù. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà yóò sú gbogbo agbo ilé, wọn yóò sì wá owó jọ kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe yin àṣà yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyá arúgbó tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó ẹyọ kan ni ó ń gbọ́ èébú náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ̀mú tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí onígbèsè bá wà ní ìlú mìíràn, tí ọwọ́ olówó kò sì tó o, wọn a mú ará ìlú rẹ̀ kan tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ràn náà, wọn a sì dá a dúró títí wọn yóò fi san gbèsè náà. Síbẹ̀, ológò ní ààlà. Kò lè dá ara rẹ̀ rán. Ìlú ni ó rán an. Gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ojú rẹ̀. Ó lè jẹ, ó lè mu nínú ilé náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun jáde.

Òṣómàáló kò ní àṣẹ ìlú lẹ́yìn. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyí, tí òwò wọn gbilẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tí ó kọjá, a máa gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a tà á ní àwìn, wọn a sì padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn ni ó sọ ìyókù: òṣòó ni màá ló títí n óò fi gba owó mi. Ẹ̀rù wọn ń ba ènìyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òṣómàáló fẹ́ padà wá ta aṣọ ní ìlú náà ní ọdún tí ń bọ̀, ẹni tí ó sì fẹ́ kí oníbàárà tún rajà kò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọjà ọ̀la ni ìjánu rẹ̀, mo sì rò pé ìjánu yìí le ju òfin mìíràn lọ.

Ti sogúndogójì kò gba àlàyé gígùn, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ó ń sọ ogún di ogójì. Nítorí irú rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe gbé òfin àwọn ayánilówó kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, tí wọ́n fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ́ṣe. Ayánilówó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ayáwó fọwọ́ sí i, èlé sì ní òdiwọ̀n. Èlé àti ìwé ni òfin náà gbájú mọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ wo ẹnu.

Ẹnu ni ó sì padà wá ní àwọn ọdún tí ó yí 2020 ká, nígbà tí áàpù ayánilówó gba orí fóònù kan. Kò béèrè ilé, kò béèrè oko, kò béèrè onídùúró. Ẹni tí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà, áàpù náà ti da gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ kọ. Ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń fún ènìyàn láti san án. Bí ọjọ́ bá ti pé, ìyàwó, àna, àlùfáà àti ọ̀gá iṣẹ́ yóò gba àwòrán onígbèsè, wọn yóò sì kọ ọ́ sí i pé olè ni. A tilẹ̀ rí àwọn tí wọ́n fi ìkéde òkú ránṣẹ́ nípa ẹni tí ó wà láàyè. Ògbólógbòó ẹ̀mú ni èyí, àfi pé ọkàn ni a mú, kì í ṣe ara. Ológò kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun jáde kúrò nínú ilé. Áàpù ti kó orúkọ gbogbo ará ilé jáde kí ó tó ka owó sílẹ̀. Kò sí ìlú tí ó rán an, kò sì sí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀.

Òfin kò tètè dé. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí a ti ní òfin ààbò oníbàárà: àṣẹ ìjọba ológun ti ọdún 1992 ni ó dá ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, òfin ọdún 2018 sì fi àjọ FCCPC rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí pé ó ń tú àṣírí àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ àwọn ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 2023 Google kò gbà fún àwọn áàpù lóònù mọ́ láti máa ka nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù. Ìlànà tí FCCPC tún gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2025 ni ó le jù: ìtanràn lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún. Bí mo ti wò ó, ìforúkọsílẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ni ó tún mú kí a mọ ẹni tí ó rán ológò.

Ìtìjú kan náà ní ọjà mìíràn, èyí tí Amẹ́ríkà ti rí ṣáájú wa. Láti ọdún 1970 ni òfin wọn ti fún ayáwó ní ẹ̀tọ́ láti tako àṣìṣe tí a bá kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ ìtàn gbèsè. Ṣùgbọ́n àwọn kan jáde tí wọ́n ní àwọn yóò fọ orúkọ ènìyàn mọ́. Wọn a gba owó ṣáájú, orúkọ náà a sì wà bí ó ti wà, nítorí pé gbèsè tí ó jẹ́ òótọ́ kò ṣeé pa rẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Òfin ọdún 1996 ni ó kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Ó fún oníbàárà ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà, ó sì pa á láṣẹ pé kí a sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ lè tako àṣìṣe náà. Àwa náà ti ní òfin ìtàn gbèsè láti ọdún 2017, orúkọ sì ti ń wọ ìwé.

Ìṣòro kan wà tí àwọn òfin wọ̀nyí kò tíì yanjú. Ẹni tí a fi ìyà jẹ gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ kí àjọ tó lè gbọ́. Nígbà ológò, igbe rẹ̀ ti dé etí gbogbo àdúgbò kí onígbèsè tó la ẹnu. Lónìí, onígbèsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àjòjì pé òun jẹ gbèsè, kí ó sì so àwọn èébú náà mọ́ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á gan-an ni ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé síta.