Ọ̀rọ̀ Ìrọ̀lẹ́ Nínú Ilé Àtijọ́

Láyé àtijọ́, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Alẹ́ ni wọ́n máa ń dúró dè. Nítorí náà, ìpàdé ìrọ̀lẹ́ lórí ìtàn àti àṣà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ibi tí ó yẹ kí a ti máa ṣe é ni a fẹ́ sọ.

Ẹ wo Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ sí ọgbà rélùwéè. Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló tún un ṣe, ó sì ń dúró.

Ẹ wá wo Ilojo Bar nítòsí Tinúbú, l'Ékòó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, pẹ̀lú ọnà ìkọ́lé àwọn Àgùdà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Òfin nìkan kò dáàbò bo ilé. Àwọn tó ń péjọ síbẹ̀, tí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ pariwo bí katakata bá dé.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ mọ Ilojo Bar kó tó wó, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. A ó gbọ́, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.