Ìbọn Tí A Kò Dán Wò: Ìtàn Yíyan Ìbọn ní Ìlú Àkrà

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú ìbọn sí òun?" Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ wa pé ìbọn kì í ṣe ọjà bí aṣọ tàbí ìkòkò. Ẹni tí ó bá ra aṣọ tí kò dára, owó rẹ̀ nìkan ni ó sọnù. Ẹni tí ó bá ra ìbọn tí kò dára, ó lè fi ọwọ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ san án. Ẹni tí ó bá sì ra èyí tí ó dára jù lọ, ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó gbé sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti ń yan ìbọn, ìbéèrè méjì ni kò yẹ kí a fò dá: Ta ni ó dán ìbọn náà wò? Ta ni ó sì dán ẹni tí yóò gbé e wò? Ìtàn ìlú Àkrà, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, lè là wá lóye gidigidi lórí ìbéèrè méjèèjì yìí.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Òyìnbó kọ́ ilé olódi mẹ́ta sí etíkun Àkrà, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Àwọn ará Họ́lándì kọ́ Crèvecoeur ní ọdún 1649. Àwọn ará Dẹ́nmárkì gba ilẹ̀ ní Osu ní ọdún 1661, wọ́n sì kọ́ Christiansborg sí ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ James Fort ní ọdún 1673. Lẹ́bàá James Fort yìí ni àdúgbò Ngleshie Alata wà títí di òní, èyí tí ìtàn so pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti etíkun ìhà ìlà-oòrùn, ní apá ọ̀dọ̀ Alada. Wúrà ni àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ bá wá. Lẹ́yìn náà ni òwò ẹrú gba ipò iwájú. Lára àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀, ìbọn kò kẹ́yìn. Orúkọ àwọn ará Dẹ́nmárkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìbọn gígùn tí àwa mọ̀ sí ṣakabùlà, tí wọ́n ń pè ní "Dane gun", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1693, ọkùnrin Akwamu kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Asameni fi ìdánwò ìbọn gba ilé olódi Christiansborg. Ìtàn sọ pé Asameni ti ṣe alásè lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó rí; nítorí náà ó mọ ìwà wọn, ó sì mọ bí wọ́n ti kéré ní iye tó. Ó kó ọgọ́rin ọkùnrin wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní oníṣòwò ni wọ́n, ìbọn ni wọ́n fẹ́ rà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọjà, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn yẹ ìbọn náà wò kí àwọn tó sanwó. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí lójú ẹni tí ń tajà. Ṣùgbọ́n ọta àti ẹ̀tù ti wà lára àwọn oníbàárà náà ní ìpamọ́. Bí wọ́n ti ń yẹ ìbọn wò ni wọ́n ń ki ẹ̀tù bọ inú wọn, nígbà tí àkókò sì tó, wọ́n dojú ìbọn kọ àwọn tí ó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ilé olódi náà wà lọ́wọ́ Akwamu fún nǹkan bí ọdún kan, Asameni sì ń bá ọkọ̀ òkun orílẹ̀-èdè gbogbo ṣòwò níbẹ̀ bí gómìnà, títí àwọn ará Dẹ́nmárkì fi san 50 márkì wúrà ní ọdún 1694 kí wọ́n tó rí ilé wọn gbà padà. Kọ́kọ́rọ́ ilé náà kò bá a padà: ọ̀dọ̀ àwọn Akwamu ni ó wà títí di òní. Àwọn tí ń tajà ti gbà kí oníbàárà dán ìbọn wò. Àwọn fúnra wọn kò ronú láti dán oníbàárà wò.

Ìdánwò tí Asameni fi bojú kì í ṣe àrékérekè lásán. Ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ fún olùra ìbọn ni. Ọ̀mọ̀wé Joseph Inikori, onítàn ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tí a ń kó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún tó 283,000 sí 394,000. Níbi tí ọjà bá ti pọ̀ tó báyìí, ayédèrú kò ní ṣàìsí. Ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Shelburne, tí ó bẹ Birmingham wò láàárín ọdún 1760 sí 1770, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé ju ìdajì àwọn ìbọn tí wọ́n ń rọ fún Áfíríkà ni yóò bẹ́ mọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìn wọ́n lọ́wọ́. Bóyá ó ṣe àsọdùn, nítorí àwọn oníbàárà etíkun kì í ṣe òmùgọ̀: ìwé àwọn oníṣòwò fi hàn pé wọn a máa kọ ọjà tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí ó mọ ìbọn a wò ó bóyá ọ̀pá rẹ̀ tọ́, bóyá ihò tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù kò dí, bóyá akọ òkúta ẹnu rẹ̀ ń sáná ní gbogbo ìgbà tí a bá fa apátí. Ní ọdún 1813 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham. Níbẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ bọ inú ọ̀pá ìbọn. Èyí tí kò bá bẹ́ ni a ó lu àmì sí lára. Àmì yìí ni ẹ̀rí fún ẹni tí kò sí níbi ìdánwò.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀tọ́ láti yan ìbọn bọ́ lọ́wọ́ olùrà. Àwọn ará Dẹ́nmárkì ta àwọn ilé olódi wọn fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, ní 10,000 pọ́n-ún. Nígbà tí àwọn Aṣáńtì bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Amoaful ní ọjọ́ 31 oṣù January 1874, ìbọn àtijọ́ tí à ń ki láti ẹnu ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìbọn Snider tí à ń ki ọta bọ̀ láti ìdí ni ó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìgboyà kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ Aṣáńtì, ṣùgbọ́n kí ẹni kan tó ki ìbọn rẹ̀ tán, ẹnì kejì ti yìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú, nígbà ogun Kírìjí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, irú ìbọn tuntun yìí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó fi ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀ ni ó dá Ìbàdàn dúró gangan. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pé jọ ní Brussels. Ní ọjọ́ 2 oṣù July 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé láti 20 dígírì lókè ìlà agbedeméjì ayé títí dé 22 dígírì nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn kì yóò ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn ọmọ Áfíríkà mọ́; ìbọn olókùúta nìkan ni ó kù fún wọn. Bí a bá rí ọdẹ àgbà tí ó gbé ṣakabùlà lé èjìká, kí a má ṣe sọ pé àìmọ̀ ni ó fi yàn án. Àwọn ẹlòmíràn ti yàn án fún bàbá rẹ̀.

Ibòmíràn ni a ó yà sí nísinsìnyí kí a lè rí bí ẹni tí a fún láyè ti ń yan ìbọn. Ní oṣù March 1911, àwọn ológun Amẹ́ríkà fẹ́ yan ìbọn ìléwọ́ kan. Èyí tí John Moses Browning ṣe ni wọ́n yìn ní 6,000 ìgbà láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó bá gbóná jù, inú omi ni wọ́n ń tì í bọ̀ kí ó lè tutù. Kò kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n gbà á. Títí di òní ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ parí irú ìbọn yìí fún àwọn olówó, tí oníbàárà sì ń yan gígùn ọ̀pá rẹ̀, èèkù rẹ̀ àti ibi ìfojúsùn rẹ̀. Owó ọ̀kan a máa kọjá 3,000 dọ́là. Síbẹ̀, ìṣòro kan wà tí owó kò lè mú kúrò. Ìbọn tí a fẹ́ fi ta àmì ní pápá ìdánrawò, ó yẹ kí irin inú rẹ̀ fún mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ọta lè máa bọ́ sí ojú kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún jù, erùpẹ̀ díẹ̀ tàbí àìfi òróró sí i lè mú kí ó há. Ìbọn tí a fẹ́ gbé sí ìbàdí lójoojúmọ́, kí ó má há ni ó ṣe pàtàkì ju kí ó ta àmì lójú lọ. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìbọn olówó iyebíye títí wọn yóò fi yìn ín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Òwò tí àwọn oníbàárà ń ṣe ní etíkun Àkrà ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn náà ni: ẹwà kò tó, owó kò tó, àfi ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ṣì wà nílẹ̀, Àkrà náà ni ó sì tún bi í. Ní ọjọ́ 28 oṣù February 1948, àwọn ọmọ Gold Coast tí wọ́n ti jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ wọn ti dé Bọ́má, tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún gómìnà ní Christiansborg, ilé olódi tí Asameni gbà. Owó tí a ṣèlérí fún wọn ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n mọ ìbọn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ìbọn. Ní oríta tí ó lọ sí ilé olódi náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí à ń pè ní Imray ti dá wọn dúró. Nígbà tí wọn kò padà, ó gba ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá kan, ó sì yìn ín fúnra rẹ̀. Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey kú níbẹ̀. Ìbọn náà kò ní àbùkù. Ó dún bí a ti ṣe é kí ó dún. Ìlú dàrú, ìgbìmọ̀ ìwádìí Watson jókòó, ìwé òfin ìlú yí padà, ní ọjọ́ 6 oṣù March 1957 sì ni Gánà gba òmìnira. Ọdọọdún ni a ń rántí àwọn mẹ́ta náà ní oríta yẹn.

Gánà òmìnira ti gbìyànjú láti fi òfin dáhùn ìbéèrè kejì. Òfin ìbọn ti ọdún 1972 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní ìbọn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá; ní ọdún 2007 sì ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn kéékèèké. Síbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń rọ ìbọn ní ìkọ̀kọ̀, títí kan ìbọn ìléwọ́. Ìmọ̀ ọwọ́ wọn kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìdánwò tí ń lu àmì sí ìbọn wọn, kò sì sí ìwé tí ó sọ ẹni tí ó rà á. Ìbọn tí a kò dán wò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a kò dán wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ ogun àti orúkọ àwọn balógun. Ó yẹ kí a tún kọ́ wọn pé àwọn baba wa yẹ ọjà wò kí wọ́n tó rà á, àti pé àwọn aláṣẹ kan ti fi òfin gba yíyàn lọ́wọ́ wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n mọ̀ pé bí irin bá tilẹ̀ yege nínú iná àti omi, ìdánwò ṣì kù sílẹ̀ fún ọwọ́ tí yóò fa apátí. Ẹ̀tù ni a fi ń dán ìbọn wò. Ìwà, sùúrù àti òfin ni a fi ń dán ènìyàn wò, àti pé ní ilé àti ní kíláàsì ni ìdánwò yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.