Aṣọ tí a fi ń nu ọkọ̀ ní Lomé: láti àkísà wax dé microfibre

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Lomé yóò mọ àwọn Nana Benz, àwọn ìyá oníṣòwò wax ní ọjà Assigamé, tí ọkọ̀ Mercedes-Benz wọn di orúkọ tí ayé fi ń pè wọ́n. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa aṣọ tí wọ́n tà, àti nípa ọkọ̀ tí wọ́n fi owó aṣọ náà rà. Aṣọ kan wà tí a kì í sábà kà sí: èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ náà, tí ó fi ń nu omi ara rẹ̀ gbẹ. Aṣọ yìí ni a fẹ́ tọ ipa rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé apá kan ìtàn òwú ilẹ̀ Tógò farapamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹni tí kò gbé etí òkun rí lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Bí ẹ̀kán omi bá gbẹ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀dà, omi á lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ á kù, á sì di àmì funfun roboto tí kì í fẹ́ kúrò mọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku tún darapọ̀ mọ́ ọn. Ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sínú aṣọ tó láti fa ìlà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ni yóò sì gbọ́ èébú olówó. Nígbà mìíràn, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ nìyẹn. Nítorí náà, aṣọ tí a ń wá gbọ́dọ̀ mu omi kíákíá, kò sì gbọdọ̀ fi iyanrìn ha ọ̀dà.

Ó yani lẹ́nu pé wax tí owó rẹ̀ ra Mercedes kò lè nu Mercedes. Èbúté olómi jíjìn tí wọ́n ṣí ní 1968 àti owó ibodè tí kò ga ló jẹ́ kí wax ilẹ̀ Holland gba Lomé kọjá sí Cotonou, Èkó, Abidjan àti Kinshasa. Àwọn oníṣòwò Ànàgó náà kò gbẹ́yìn nínú òwò ìlú yìí; àdúgbò Anagokomé ní àárín Lomé ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Òwò náà gbilẹ̀ débi pé ìjọba fúnra rẹ̀ a máa yá Mercedes àwọn ìyá wọ̀nyí láti fi gbé àlejò ńlá, ọkọ̀ tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ yóò sì wọ̀ kò gbọdọ̀ ní àmì omi lára. Ṣùgbọ́n wax tuntun, tó ń dán tó sì le gbagidi, kì í mu omi. Ńṣe ni ó ń ti omi láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó di ìgbà tí ìró bá gbó, tí a fọ̀ ọ́ títí tí ara rẹ̀ fi rọ̀, kí ó tó wúlò fún iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A kò sì rò pé òwe náà bá ilé kankan mu ju ilé oníṣòwò aṣọ lọ.

Aṣọ ìnura onírun, èyí tí òwú rẹ̀ yọ jáde ní òrùka òrùka, ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìlú Bursa ní ilẹ̀ Tọ́kì ni Henry Christy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i. Samuel Holt ṣe ẹ̀rọ tó lè hun ún ní 1850, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìpàtẹ Ńlá Lọ́ńdọ̀nù ní 1851. Inú òrùka wọ̀nyẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni omi tí aṣọ lè fà ṣe pọ̀ tó, àárín wọn sì ni iyanrìn ń wọ̀ sí dípò kí ó dúró lójú ọ̀dà. Bí irun aṣọ ìnura bá ti jẹ tán, ó ti di aṣọ lásán. Awọ chamois, tí àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn láti fi nu ọkọ̀, kò bá wa lára mu tó bẹ́ẹ̀. Nínú ooru Lomé ó tètè gbẹ, ó sì le bí pákó. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ tẹ́jú débi pé kò ní ibi tí yóò fi iyanrìn pamọ́ sí.

Òwú ni wax, òwú ni aṣọ ìnura, òwú kì í sì í ṣe àjèjì ní Tógò. Nígbà ìjọba Jámánì, wọ́n pe àwọn ọmọ dúdú Amẹ́ríkà láti Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ Booker T. Washington, pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn irú òwú tí ẹ̀rọ Jámánì ń fẹ́. James Calloway ló ṣáájú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko ní Tové ní 1901. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dá ilé-ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904. Odò ló gbé e lọ ní 1909. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Atakpamé nígbà náà, ìlú àwọn ará wa Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Ana. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò: kì í ṣe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè ló kọ́ ilẹ̀ yìí ní òwú. Àwọn ìyá ti ń ran án, àwọn ahunṣọ sì ti ń hun ún tipẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kò wá nítorí tiwọn. Ó ń kó òwú lọ sí etí òkun, òwú ń lọ sí Jámánì, aṣọ ń padà bọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Datcha, nítòsí Atakpamé, gbìyànjú láti yí àṣà náà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Wax ilẹ̀ Holland di ọ̀wọ́n gógó, ti Ṣáínà sì wá gbapò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀, abloni ni ó jọba, ìyẹn aṣọ àlòkù tí àwọn ará Èkó ń pè ní òkìrìkà, tí ó wà ní òkìtì òkìtì ní ọjà Hédzranawoé. Tíṣẹ́ẹ̀tì òwú tó ti gbó ń mu omi dáadáa, bí a bá ti gé bọ́tìnnì àti etí rírán rẹ̀ kúrò. Aṣọ agbábọ́ọ̀lù kò wúlò. Omi kì í wọ̀ ọ́.

Lónìí, microfibre ni wọ́n ń tà káàkiri. Ní 1970 ni Miyoshi Okamoto, ní ilé-iṣẹ́ Toray ní Jàpáánì, rí ọ̀nà láti ṣe fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú aṣọ yìí. Bí ẹ bá bi wá, òun ni a ó yàn fún ojú ọ̀dà, èyí tí irun rẹ̀ gùn tó sì kún, tí etí rẹ̀ kò le. Èyí tó tẹ́jú ni ti dígí. Abloni ni ti táyà. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí omi, kí ẹ fà á wẹ́rẹ́, ẹ má fi agbára nù ún. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nítorí irun òwú a máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì lo oògùn olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀, nítorí ó ń dí ojú fọ́nrán. Èyí tó bá já bọ́ sórí iyanrìn kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́ àfi tí a bá tún un fọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí òwú nínú rẹ̀. Ohun tí a yọ láti inú epo rọ̀bì ni, ó sì ń gba èbúté kan náà wọlé tí òwú Tógò ń gbà jáde. Ní 2021, wọ́n ṣí àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Adétikopé, ní àríwá Lomé, lójú ọ̀nà Notsé àti Atakpamé, òwú sì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn yóò sọ di aṣọ níbẹ̀. Aṣọ ìnura kò fẹ́ àwòrán bíi wax, kò sì fẹ́ àwọ̀ púpọ̀. Òwú tó dára àti òrùka tó nípọn ni ó fẹ́. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní Bè àti Agoè yóò rà á, bí kò bá ti wọ́n ju abloni lọ púpọ̀.