Ẹlẹ́rìí Etí: Ìtàn Hẹ́dífóònù àti Èyí Tó Yẹ Ká Rà fún Iṣẹ́ Orin

Bí ẹgbẹ́ akọrin bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ lóde òní, owó máìkì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá. Hẹ́dífóònù, ìyẹn ohun tí a fi ń bo etí láti gbọ́ orin, kì í sábà sí nínú ìṣirò. Èyí tí ọ̀dọ́ kan bá ti ní nílé ni wọ́n á ní kó mú wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ bí nǹkan yìí ṣe dé inú iṣẹ́ orin, ẹ óò rí i pé òun ni ẹlẹ́rìí tí gbogbo iṣẹ́ náà gbára lé. Bí ẹlẹ́rìí bá sì purọ́, ẹjọ́ ti wọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni wa. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin ìyìn lédè Yorùbá sínú awo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Kò sí máìkì nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ojú ìwo ńlá kan ni akọrin ń kọrin sí. Ohùn rẹ̀ á mú abẹ́rẹ́ gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á sì máa fa ìlà sára ìda. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ lé ìda ọ̀hún láti gbọ́ ọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ṣeé fi tẹ awo mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń gba ohùn kò lè gbọ́ ohun tó ń wọlé gan-an. Ìrírí ló fi ń díwọ̀n: kí akọrin sún mọ́ ìwo díẹ̀, tàbí kó fà sẹ́yìn.

Hẹ́dífóònù ti wà láyé nígbà yẹn o, àmọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù àti rédíò ló ń ṣe. Ní 1881, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris, Clément Ader jẹ́ kí àwọn èèyàn gbé ohun ìgbọ́rọ̀ méjì sí etí méjèèjì, wọ́n sì gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn eré tó wà lọ́nà jíjìn. Ní 1895, ilé-iṣẹ́ Electrophone bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní London: ẹni tó bá sanwó lè jókòó sílé kó máa gbọ́ eré orí ìtàgé, kó sì gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí ọdún 1910, Nathaniel Baldwin ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, ṣe hẹ́dífóònù tó gbọ́ràn ju ti ìṣáájú lọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ìtàn sọ pé àìgbọ́ ìwàásù dáadáa nínú ilé ìsìn ńlá ìjọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un ronú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 1925 ni gbígba ohùn pẹ̀lú iná mànàmáná gbòde. Máìkì gba ipò ìwo, wáyà sì ń gbé ohùn lọ. Ohun tí wáyà bá gbé, etí lè yà díẹ̀ níbẹ̀ gbọ́. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ Eugen Beyer ní Jámánì ṣe DT 48, hẹ́dífóònù tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti sípíkà kékeré. Irú ẹ̀rọ yẹn náà ló wà nínú púpọ̀ jù lọ nínú èyí tí à ń lò lónìí.

Ohun tó wá sọ hẹ́dífóònù di kò-ṣeé-má-nìí ni pé àwọn èèyàn kò kọrin pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ní 1951, Les Paul àti ìyàwó rẹ̀ Mary Ford gbé orin kan jáde tí ohùn obìnrin kan ṣoṣo dún bí ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn lórí ohùn ni wọ́n tò ó. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó tiwa níbí. Ní 1973, Paul McCartney wá sí sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apápá, láti ṣe àwo orin Band on the Run. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, tó ta gìtá béèsì, tó sì kọrin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, sórí téèpù tó ní ojú-ọ̀nà 8. Ẹni tó ń tò ohùn báyìí gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá ń fi tuntun kún un, kí máìkì má sì gbọ́ ọ. Iṣẹ́ hẹ́dífóònù nìyẹn.

Ibẹ̀ ni oríṣi méjì tó wà lọ́jà ti yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa. Ó ń ti ohùn mọ́ etí akọrin, kí ìlù má baà jò sínú máìkì. Irú rẹ̀ ni DT 770 tó jáde ní 1985, àti Sony MDR-7506 tó jáde ní 1991. Èkejì ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá; Sennheiser HD 414 ti ọdún 1968 ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Ohùn inú rẹ̀ kì í há, ó sì dára fún ẹni tó jókòó láti tún orin ṣe lẹ́yìn tí akọrin ti lọ. Ẹ má fi fún akọrin, nítorí gbogbo rẹ̀ ni máìkì máa gbọ́. AKG K240 wà láàárín méjèèjì. Bí owó ẹyọ kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, èyí tó dé pa ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún adùn. Láti 1958 tí John Koss ti gbé hẹ́dífóònù sítẹ́ríò jáde ní Milwaukee, ọjà ìgbádùn ti là. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún fàájì ni wọ́n ti bu béèsì kún. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ tún orin ṣe á rò pé béèsì ti pọ̀ jù, á dín in kù. Nígbà tó bá wá dé orí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù á dún bí agolo òfìfo. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n òun ni a ń wá nínú hẹ́dífóònù sítúdíò.

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ wo nọ́ńbà ohm tó wà lára rẹ̀. DT 770, fún àpẹẹrẹ, ní ti 32, 80 àti 250. Èyí tí ohm rẹ̀ ga nílò ẹ̀rọ tó lágbára. Tí ẹ bá fi í sínú fóònù, ohùn rẹ̀ á kàn máa ṣe jẹ́jẹ́ ni. Ẹ bèèrè bóyá tìmùtìmù etí àti wáyà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, torí àwọn ló ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ yàgò fún aláìníwáyà ti Bluetooth fún gbígba ohùn sílẹ̀: ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé etí, akọrin á sì máa rìn lẹ́yìn ìlù. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Bí iye tí wọ́n pè é bá kéré jù, ẹ fura.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Hẹ́dífóònù tó dára jù lọ pàápàá, ẹnìkan ni. Nínú rẹ̀, ohùn apá ọ̀tún kì í dé etí òsì, bẹ́ẹ̀ sípíkà inú yàrá ń bá etí méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ orin yín lórí sípíkà, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ gbọ́ ọ nínú mọ́tò, kí ẹ tó ní ó ti parí.

Ẹ má gbàgbé etí fúnra rẹ̀. Àjọ ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí èèyàn má kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ nínú ariwo 85 decibel. Tó bá fi 3 péré kún un, tó di 88, wákàtí 4 ni. 91, wákàtí 2. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Etí tó bá ti kú báyìí, kò sí hẹ́dífóònù tó lè jí i.

Kí ló wá mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí iṣẹ́ àti òwò gbé kúrò ní ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire? Nínú ìjọ wa, àwọn ìyá àgbà wà tó mọ orin tí kò sí nínú ìwé orin kankan, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí kò sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá gba ohùn wọn sílẹ̀ tí ariwo fáànù sì bò ó mọ́lẹ̀, a lè má rí àyè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó gba ohùn Ransome-Kuti sílẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tó ń wọlé. Àwa lè gbọ́ ọ, lójú ẹsẹ̀, nígbà tí màmá ṣì jókòó níwájú máìkì. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a bá fi bo etí jẹ́ èyí tó máa sọ òótọ́ fún wa.