Owó Onírin Tí Ó Bàjẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ó Bà Á Jẹ́

Owó onírin ni owó tí a fi bàbà, idẹ, fàdákà, irin tàbí àdàlù wọn rọ. Ó yàtọ̀ sí owó ẹyọ, tí ó ti inú òkun wá, àti sí owó oníwèé. Ní ìlú Kaduna, a kì í sábà rí owó onírin lọ́wọ́ àwọn aráàlú mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ilẹ̀, nínú yanrìn odò àti nínú àpótí àwọn àgbà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé a kò lè ka ohun tí a kọ sí i. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń fi òye dá àbá lórí ohun tí ó bà á jẹ́, àti ibi tí ó yẹ kí irú àbá bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ìbàjẹ́ mu

“Bàjẹ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò tí kò sọ ohun tí ó fa ìbàjẹ́ náà. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tí ó tọ́ka sí okùnfà. Owó tí ó pá ni èyí tí ọwọ́ àti àpò ti fi ara nù, tí àwòrán ojú rẹ̀ sì parẹ́. Èyí tí ó dípẹtà ni omi àti afẹ́fẹ́ jẹ. Èyí tí ó bó ni awọ òde rẹ̀ ṣí kúrò lára èyí tí ó wà nínú. Èyí tí ó lu ni nǹkan dá ihò sí. Èyí tí ó wọ́ tàbí tí ó tẹ́ ni agbára ṣiṣẹ́ lé lórí. Èyí tí ó yọ́ ni iná mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ.

Ohun tí a fi rọ ọ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ohun tí a fi rọ owó náà, nítorí pé ohun kan náà kì í ba gbogbo wọn jẹ́ lọ́nà kan náà. Ní ọdún 1907, alumíníọ̀mù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi rọ anini, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ń fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ ọ́. Wọ́n dá Àjọ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912. Láti ọdún 1913, fàdákà ni a fi ń rọ ṣílè, sísì àti tọ́rọ́. Láti ọdún 1920 ni idẹ ti rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, àdàlù bàbà ni kọ́bọ̀ kan, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì sì ni kọ́bọ̀ 5, 10 àti 25. Àwọn tí ó jáde ní ọdún 1991 yàtọ̀: irin ni inú wọn, bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì sì ni a fi bò wọ́n. Òòfà á fa ti 1991, kò ní fa ti 1973. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè dá owó tí a kò lè ka ọdún ara rẹ̀ mọ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ. Ṣáájú ọdún 1973, kọ́bọ̀ ni Yorùbá ń pe owó tí ó jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá ṣílè. Ní Kaduna, níbi tí Yorùbá àti Haúsá ti jọ ń ná ọjà, àwọn orúkọ náà fara jọra: anini, kwabo, taro, sisi àti sule ni Haúsá ń pè wọ́n. Bí àgbàlagbà kan bá sọ pé kọ́bọ̀ ni òun rì mọ́lẹ̀, ó yẹ kí a béèrè kọ́bọ̀ ìgbà wo.

Ihò: ti ilé ìrọwó tàbí ti ọwọ́ ènìyàn

Kì í ṣe gbogbo ihò ni ìbàjẹ́. Àwọn baba wa máa ń fọ́ ẹ̀yìn owó ẹyọ kí okùn lè gbà á kọjá, ogójì ogójì; ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní owó fífọ́. Bákan náà ni anini, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ṣe ní ihò láti ilé ìrọwó wá. Irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń wà láàrin gbùngbùn, etí rẹ̀ á dán, a sì ti ṣètò àwòrán yí i ká.

Ihò tí ọwọ́ ènìyàn dá sábà máa ń wà nítòsí etí owó, ó sì lè gé àwòrán tàbí lẹ́tà kan. Bí a bá fi ìṣó gbá a, etí ihò á yọ sókè níhà tí ìṣó gbà jáde. Bí ihò náà bá gùn sí apá kan, tí apá yẹn sì dán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé owó náà ti rọ̀ mọ́ okùn fún ìgbà pípẹ́. Ohun ọ̀ṣọ́ ni irú owó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́.

Omi, ilẹ̀, agbára àti iná

Owó bàbà tí ó pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Èyí tí irin wà nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ wú níbi tí awọ òde ti lanu, ìpẹtà pupa á sì tú jáde. Owó tí yanrìn odò Kaduna ti fọ̀ á pá lójú méjèèjì bákan náà, etí rẹ̀ á sì rọra yípo. Èyí tí ó pá nínú àpò yàtọ̀ síyẹn: ibi tí àwòrán ti yọ sókè jù ni ó kọ́kọ́ parẹ́.

Kaduna ni ọ̀nà irin tí ó ti Port Harcourt wá ti pàdé ti Èkó. Owó tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin gùn máa ń gùn sí ọ̀nà kan, àwòrán rẹ̀ á sì fà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí a fi òòlù lù á fẹ̀ káàkiri, ojú òòlù á sì hàn lọ́pọ̀ ibi.

Ní ti iná, alumíníọ̀mù á yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Selsíọ́sì, fàdákà ní 962, bàbà ní 1085. Iná ìdáná lásán lè yọ́ anini ọdún 1907. Ó ṣòro kí ó yọ́ owó fàdákà pátápátá. Iná èédú àti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ lè ṣe é.

Ohun tí òfin sọ

Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífi ọwọ́ ba owó tí Báńkì náà ṣe jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Òfin náà yọ ìpalára tí ìnáwó ojoojúmọ́ fà sílẹ̀. Ìyàtọ̀ láàrin owó tí ó pá àti owó tí a há lára lè di ìyàtọ̀ láàrin aláìṣẹ̀ àti ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ibi tí àbá gbọ́dọ̀ dúró

Kaduna rí iná rògbòdìyàn ní oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000. Bí a bá rí owó tí iná ti sọ di dúdú nínú ilẹ̀ ibẹ̀ lónìí, ó lè wu ènìyàn láti sọ pé ẹ̀rí rògbòdìyàn náà ni. Owó náà lè fi hàn pé iná jó o, àti bí iná náà ti gbóná tó. Ọdún tí ó wà lára rẹ̀ lè fi hàn pé iná náà kò ṣáájú ọdún yẹn. Kò lè sọ ẹni tí ó dá iná, kò sì lè sọ bóyá ilé ni ó jó tàbí ààtàn. Ẹni tí ó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ nìkan ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àdúgbò kan lọ́rùn ti gbé ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀rí lọ lé e lórí.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó tí a rí kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìpẹtà náà jẹ́ ara ẹ̀rí. Kí a kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀, kí a ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rò, kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè gba ti àkọ́kọ́ kí ó sì tún ti èkejì yẹ̀ wò.